Bí A Ṣe Jà fún Ọ̀nà Tí Ápù Ń Gbà Wọ Fóònù n'Ígbó-Ọrà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá, tí ẹ jókòó sílé tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, èmi náà jókòó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kì í sábà fẹ̀yìn tì, ọmọ mi kejì sì ṣì ń mu ọmú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá ṣe ti tán lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹni tó lé mi. Èmi fúnra mi wà lára àwọn tó mú un tán. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ń sọ pé iṣẹ́ fóònù kò lórí, kò nídìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe rí fún yín, kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ máa sọ.

Fífi ápù sórí fóònù àwọn ènìyàn ni iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, fóònù tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lójú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú wa ni. Ènìyàn á ra tirẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta, á gbé e délé, á wá rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan nínú rẹ̀. Á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Á ní, "Ẹ bá mi fi èyí tí mo lè fi máa rí ojú ọmọ mi tó wà ní Kútọnu sí i," tàbí "èyí tó ń ké Àlùkùránì," tàbí "èyí tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń ya fọ́tò tí ojú wọn fi ń dán." Àwa la máa ń bá wọn wá a, àwa la máa ń bá wọn fi sí i, àwa náà la máa ń fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wọ́n.

Ọ̀dọ̀ Alàájà Múínátù ni mo ti kọ́ ọ, àwọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Wàsíù. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà nídìí gáréèjì n'Ígbó-Ọrà, níbi tí àwọn ọlọ́kadà Ìdèrè máa ń tò sí. Bàbá mi mú mi lọ, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, wọ́n kọ ìwé ọdún mẹ́ta, mo sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn nìkan ni obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ fóònù ládùúgbò wa nígbà náà, wọ́n sì le. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa máa ń sọ pé bí a bá fẹ́ mọ bí Ìyá Wàsíù ṣe ń rẹ́rìn-ín, àfi ká lọ bi ọkọ wọn.

Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan ojú fóònù oníbàárà kankan. Mo gbálẹ̀, mo nu gíláàsì, mo jókòó tì wọ́n, mo ń gbọ́. Ohun tí mo ń gbọ́ ni ìwé kíkà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ápù máa ń tọrọ àyè: ó fẹ́ rí fọ́tò yín, ó fẹ́ mọ ibi tí ẹ wà, ó fẹ́ gbọ́ ohùn yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn máa ń tẹ "mo gbà" kó ṣáà lè ṣiṣẹ́. Ìyá Wàsíù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń ka ohun tó tọrọ sókè ketekete, wọ́n á sọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n á sì ní kí ẹni tó ni fóònù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá òun gbà tàbí òun kò gbà. Ìgbà náà ni wọ́n á tó tẹ̀ ẹ́.

Bàbá àgbẹ̀ kan wá láti Ìdèrè lọ́jọ́ kan. Wọ́n fẹ́ ápù tó ń tan iná bíi tọ́ọ̀ṣì. Ìyá Wàsíù rí ọ̀kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Bàbá, tọ́ọ̀ṣì yìí ní òun fẹ́ rí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù yín."

Bàbá wò wọ́n. "Tọ́ọ̀ṣì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà àna mi ṣe?"

"Kò sọ, sà. Ó tún ní òun fẹ́ máa gbọ́ ohùn yín."

"Ẹ sọ fún un pé mo ti ní ìyàwó méjì tó ń gbọ́ ohùn mi. Ẹ bá mi wá òmíràn tó mọ̀ pé iná nìkan la bẹ̀ ẹ́."

Ìyá Wàsíù ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá òmíràn. Èmi ni mo sáré lọ rẹ́rìn-ín tèmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí wọ́n wá gbà kí n máa fọwọ́ kan fóònù, ọjọ́ kejì ni mo ti ṣẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni, èrò pọ̀, mo bá tẹ "gbà, gbà, gbà" lórí fóònù ìyá kan tó ń ta gaàrí, n kò kà á. Ìyá Wàsíù ò pariwo. Wọ́n gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yọ ápù náà kúrò, wọ́n bẹ ìyá náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ níṣojú gbogbo èrò. Nígbà tí èrò tán, wọ́n gbé àga kan síwájú ògiri, wọ́n ní kí n jókòó, kí n ka gbogbo ohun tí gbogbo ápù tó wà nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ń tọrọ fún ògiri náà. Mo kà á títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọlọ́kadà ń kọjá, wọ́n ń bi mí bóyá ògiri ti gbà. Láti ọjọ́ náà, n kò fo ìwé kíkà mọ́.

Irinṣẹ́ wa ń yí padà lójú mi. Nígbà tí mo dé, inú mẹ́mọ́rì kádì la ti máa ń kó ápù, a ó fi í sínú fóònù, a ó sì gbé ápù wọlé láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà la wá ń fi fóònù kan sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, tí wọ́n á fi máa gba nǹkan lọ́wọ́ ara wọn láìní wáyà. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọpọlọ fóònù tí gbogbo wa ń lò gbé ọjà ápù tiwọn sínú rẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni kí gbogbo ènìyàn ti máa mú ápù. Ọjà náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Nǹkan pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí wàhálà kádì mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, ẹni tó ni ọjà náà ló ni ẹnu ọ̀nà, òun náà ló ń sọ ẹni tó lè wọlé àti ẹni tó lè gbé ọjà tirẹ̀ sójú àtẹ. Kí ènìyàn tó wọ ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀: orúkọ, orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù.

Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, tí mo gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí tòsí ọsibítù ìjọba. Mo lọ́kọ, mo bí Tọ́yìbá, mo ń gbé e pọ̀n ṣiṣẹ́. Kí n tó bí i ni mo ti pàdé Lúkúmọ̀n níbẹ̀, ọmọ Ìdèrè tó ń kọ orúkọ àwọn aboyún sínú ìwé ní ọsibítù náà. Ó ti fi ara rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ápù. Ó ṣe ọ̀kan tó pè ní Ohùn Agbẹ̀bí. Ìyá rẹ̀ tó ti ṣe agbẹ̀bí títí ó fi dàgbà ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ní Yorùbá tiwa níbí. Bí obìnrin bá ti fi oṣù oyún rẹ̀ sí i, ohùn náà á máa pè é: "Ìyá mi, ọ̀la ni ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ. Wo ẹsẹ̀ rẹ lónìí, ṣé ó wú? Ṣé orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ ń ṣú? Má dúró dé ọ̀la, wá lónìí." Kò nílò dátà lẹ́yìn tó bá ti wọlé. Ẹ mọ̀ pé ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó lóyún ìbejì nílò ojú púpọ̀ lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì wà lábúlé, lójú ọ̀nà Ìgangan, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé. Èmi náà lo ápù yìí nígbà oyún Tọ́yìbá. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi wú, tí mo ń sọ pé ó rẹ̀ mí ni, ohùn yẹn ló gbé mi dìde lọ sí ọsibítù. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ká ní mo dúró dé ọjọ́ kejì ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Nítorí náà, bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà.

Wàyí o, àṣìṣe mi. Lúkúmọ̀n gbé ápù rẹ̀ sínú ọjà ńlá yẹn, èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ àwọn obìnrin sílẹ̀ kí wọ́n lè mú un níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èrò kún ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní nọ́ńbà tó dúró sójú kan, mo bá ń fi nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù mi sí i fún wọn. Àwọn màmá àgbà tó fẹ́ máa gbọ́ ọ nítorí ọmọ wọn kò mọ ọjọ́ ìbí wọn, mo bá ń fi ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní sí i fún gbogbo wọn. Àwọn ìbejì sì wá ní méjì-méjì: Táyé àti Kẹ́hìndé, orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, nọ́ńbà kan náà, láti ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ìbejì kan tẹ̀lé òmíràn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹ̀rọ ń wò mí láti ibì kan, àti pé ẹ̀rọ náà kò gbé ìlú bíi tiwa rí.

Lójijì, àárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo orúkọ tí mo ti fi sílẹ̀ níbẹ̀ tì pa. Ẹ̀rọ ọjà náà sọ pé ayédèrú ni wọ́n, pé ẹnì kan ló ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Fóònù tí mo ti fi Ohùn Agbẹ̀bí sí ṣì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì gbà á kò lè wọlé mọ́, ẹni tí fóònù rẹ̀ sì bàjẹ́ kò lè gba òmíràn. Àwọn obìnrin kún iwájú ṣọ́ọ̀bù. Táyélolú àti Kẹ́hìndé, ìbejì ilé kan ní ẹ̀yìn ọjà, dúró síwájú mi, Táyélolú lóyún oṣù márùn-ún.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ni Táyélolú bi mí.

"Wọ́n ní ọ̀kan nínú yín kì í ṣe ènìyàn gidi."

Ó yíjú sí èkejì rẹ̀. "Ta ni nínú àwa méjèèjì?"

"Ìwọ ni," ni Kẹ́hìndé dáhùn. "Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí bíi pé mo mọ̀."

"Èmi tí mo kọ́kọ́ dé ayé? Ìwọ tí o fara pamọ́ lẹ́yìn mi ni ayédèrú."

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Táyélolú fọwọ́ lé ikùn, ó sì bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá Tọ́yìbá, ohùn màmá yẹn ńkọ́? Abúlé là ń lọ lọ́la, a ò ní padà bọ̀ kíákíá."

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni ọjà náà. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn. Mo tún kọ ọ́, mo ṣàlàyé ohun tí ìbejì jẹ́. Ẹ̀rọ náà dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn gan-an. Mo wá gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi lọ, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ìyá Wàsíù gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ọjọ́ ìbí tí o ń fi sí i láìbéèrè, ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sí, mà."

"O jẹ̀bi ìyẹn. Ti ìbejì, o ò jẹ̀bi rẹ̀. Lọ gbé kádì rẹ."

Bí mo ṣe padà sí mẹ́mọ́rì kádì nìyẹn. Mo gba ápù náà tààrà lọ́wọ́ Lúkúmọ̀n, láti inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo sì ń gbé e wọ fóònù àwọn obìnrin láìgba inú ọjà kankan. Mo ń kà á sókè, wọ́n ń fẹnu ara wọn gbà. Táyélolú gbé ohùn náà dé abúlé. Ó bí ọkùnrin méjì, àlàáfíà ni. Ó ju ọdún kan lọ tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí fóònù kan tí mo bà jẹ́.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tuntun dé. Ilé iṣẹ́ kan náà kéde pé láìpẹ́, fóònù fúnra rẹ̀ á máa kọ ápù tí ẹni tó ṣe é kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ìbáà jẹ́ inú kádì ló ti wá. Bí ọjọ́ náà bá pé, Ohùn Agbẹ̀bí ò ní wọ fóònù kankan mọ́. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ọjà wọn nígbà náà, nítorí pé Lúkúmọ̀n ò lè fi ìwé ibi tó ń gbé ránṣẹ́. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ tó ń gbìyànjú rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà ilé wa."

"Kí ni nọ́ńbà ilé yín?"

"Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn igi mángòrò."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní kí n fi ìwé iná tó ní nọ́ńbà náà hàn wọ́n."

"Fi ìwé iná yín hàn wọ́n."

"Orúkọ bàbá bàbá mi ló wà lórí rẹ̀, Ìyá Tọ́yìbá. Wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí mi."

Ilé Lúkúmọ̀n wà níbẹ̀ láti ayébáyé. Kò sí ọmọ Ìdèrè tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí ápù lè gbà wọlé, ẹni tó dúró síbẹ̀ kò sì mọ Ìdèrè.

Rédíò ni mo ti gbọ́ pé àjọ ìjọba kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé oníṣòwò ńlá kò fi agbára dí ọ̀nà mọ́ àwọn kéékèèké, àti pé wọ́n ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ọjà ápù yìí bá kàn. N kò mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé. Mo mú ìwé, mo kọ ojú ewé mẹ́rin. Ọkọ mi kà á, ó ní ìwé náà ti gùn jù. Ìyá Wàsíù kà á, wọ́n ní kò gùn, àmọ́ kí n fi ẹ̀bi tèmi sí i. Mo fi sí i. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n pè mí sí Ìbàdàn láti wá sọ ọ́ lẹ́nu.

Àwa márùn-ún la lọ, ọmọ mi kejì tó wà nínú ikùn mi nígbà náà kò sí nínú iye yẹn: èmi, Ìyá Wàsíù, Lúkúmọ̀n, Táyélolú àti Kẹ́hìndé. Gbọ̀ngàn náà tutù bí inú fíríìjì. Obìnrin kan ló jókòó sórí àga alága, lọ́yà ilé iṣẹ́ náà sì dúró lápá ọ̀tún, ó wọṣọ dáadáa, ó sì kí wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Alága ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá bí mo bá fẹ́, wọ́n á bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ara tù mí.

Lọ́yà náà ní àwọn ò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá, pé olè ni àwọn ń ti ìlẹ̀kùn mọ́. Ó bi mí bóyá mo ti rí ápù olè rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti rí púpọ̀, mo sì ti lé púpọ̀ lọ. Ó bi mí níbo ni mo ti rí wọn. Mo ní òmíràn wá láti inú kádì ẹlòmíràn, òmíràn wá láti inú ọjà tiyín. Ó yí ìwé ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹ kọ ọ́ fúnra yín pé ẹ fi ọjọ́ ìbí tí kì í ṣe òótọ́ sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn," ló wí. "Ṣé òótọ́ ni?"

Mo wo Ìyá Wàsíù. Wọn ò wò mí.

"Òótọ́ ni, sà. Àwọn màmá àgbà kan kò mọ ọjọ́ ìbí wọn. Wọ́n mọ̀ pé ọdún tí wọ́n ṣe títì Èrúwà ni wọ́n bí wọn, ṣùgbọ́n ìwé yín kò ní àyè fún ìyẹn, mo sì ń kánjú. Mo jẹ̀bi, mo sì ti bẹ̀ wọ́n. Àmọ́ kì í ṣe àwọn màmá àgbà nìkan lẹ tì mọ́ta. Ẹ ti ìbejì mọ́ta. Ọjọ́ ìbí tiwọn, òótọ́ ni."

"Ẹ̀rọ wa rí orúkọ méjì tí gbogbo nǹkan wọn jẹ́ ọ̀kan náà—"

"Ìbejì nìyẹn, sà."

Alága béèrè bóyá wọ́n wà níbẹ̀. Táyélolú àti Kẹ́hìndé dìde. Wọn ò wọ aṣọ kan náà o, mo ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe é bí eré. Lọ́yà náà wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Alága bi wọ́n èwo ni àgbà.

"Èmi ni àgbà, mà," ni Kẹ́hìndé wí. "Èyí ni mo rán níṣẹ́."

"Wọ́n ní ẹ̀yin kì í ṣe ènìyàn méjì."

"A gbọ́, mà. Àwa náà ti ń jà á láàárín ara wa."

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn náà. Nígbà tó rọlẹ̀, alága ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ápù tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Lúkúmọ̀n gbé fóònù rẹ̀ sẹ́nu gbohùngbohùn. Ohùn ìyá rẹ̀ jáde: "Ìyá mi, wo ẹsẹ̀ rẹ lónìí. Ṣé ó wú?" Mo rí i tí obìnrin kan tó ń kọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága, tó lóyún, rọra wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ìdájọ́ wọn pẹ́ kó tó dé. Ní gbogbo àkókò yẹn mo ń fi ápù sórí fóònù bí ẹni tí òjò ń lé, kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Nígbà tó dé, àjọ náà sọ pé ilé iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ ti ẹnu ọ̀nà yòókù. Ẹni tó ni fóònù lè gbé ápù wọ inú rẹ̀ láti ibi tó bá wù ú. Kí fóònù ṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, ní èdè tó yé e, kó sì fi í sílẹ̀ kó yàn fúnra rẹ̀. Wọ́n ní lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó láti fi mọ ibi tí ènìyàn ń gbé. Wọ́n sì ní bí wọ́n bá ti orúkọ ẹnikẹ́ni pa, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni kó dá a lóhùn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Lúkúmọ̀n ló gbé ìròyìn náà wá. Ó sáré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè sọ ọ́.

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò ronú kan nǹkan tó tẹ̀lé e. Fóònù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í dé pẹ̀lú ìlànà yẹn. Fífi ápù sí i kò le mọ́. Ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ ní Yorùbá fún ẹni tó bá yan Yorùbá, ó tún ń kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé. Àwọn obìnrin ń gba Ohùn Agbẹ̀bí lára fóònù ara wọn nídìí kànga, nínú oko ẹ̀gẹ́, lórí ọ̀kadà. Èrò ṣọ́ọ̀bù mi ń dín kù lójoojúmọ́. Àwọn tó ń wá, ojú fóònù tó fọ́ ni wọ́n ń gbé wá, n kò sì fẹ́ràn iṣẹ́ ìyẹn rí.

Ìyá Wàsíù wá kí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n bá mi tí mo ń fún ọmọ lọ́mú, kò sí oníbàárà kankan.

"Ṣé o rí i pé ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ ti ṣọ́ọ̀bù yìí," ni wọ́n wí.

"Mo rí i, mà."

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Kò dùn mí, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn ga, ó dà bí ti ọmọdébìnrin. Ọdún mẹ́rìnlá, n kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ jẹun.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ mú níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó le. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má bàa fi na yín lójú èrò. Ẹ má sì yan iṣẹ́ kan nítorí ẹ rò pé kò ní tán. Tèmi tán, mo sì lè ka orúkọ àwọn ọmọ tó wà láàyè n'Ígbó-Ọrà àti ní Ìdèrè nítorí rẹ̀. Mo ti ń wéwèé ohun mìíràn báyìí, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọsibítù ń wá ẹni tí á máa gba ohùn àwọn agbẹ̀bí yòókù sílẹ̀ fún Lúkúmọ̀n, mo sì ti fi orúkọ mi ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tí mo ń palẹ̀ ẹrù mọ́, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìgangan ló ti wá. Ó gbé ọmọ bí ọmọ oṣù mẹ́jọ dání, oyún mìíràn sì ti ń yọ níkùn rẹ̀. Mo dìde. Mo na ọwọ́ láti gba fóònù rẹ̀, bí mo ti máa ń ṣe.

Ọmọ ló gbé lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e dání díẹ̀," ló wí. "Mo fẹ́ fi ápù màmá yẹn sórí fóònù mi, kò jẹ́ kí n ráyè."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ ohun tí fóònù sọ, ó ronú díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ohùn ìyá Lúkúmọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi sì ń yí orí kiri, ó ń wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ kò wojú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.